Hammonia Lẹ́nu Bàbá Mi

Bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú títí ìjọba fi yọ Látìn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìtàn ni wọ́n gbé fún Bàbá dípò rẹ̀. Bàbá gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò ju Látìn nù, ilé ni wọ́n gbé e wá bá wa. Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹyin díndín tó dé inú abọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè. Kí ni àwọn ará Róòmù ń pe London? Londinium. Paris ńkọ́? Lutetia. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á jẹ búrẹ́dì lásán. Lọ́jọ́ kan ìyá wa bi wọ́n pé kí wá ni Látìn Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rò ó títí, wọ́n ní ìlú tó bá mọ orúkọ ara rẹ̀ kì í dúró de àlejò kó wá sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá wa ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bu ẹyin fún gbogbo wa.

Nígbà tí Bàbá wá kí wa ní Jámánì, ó ku díẹ̀ kí àrùn kòrónà dé. Ìyá wa ti kú nígbà náà. Bàbá ń dá gbé nínú ilé alájà kan ní Ìjẹ̀bú, obìnrin kan ládùúgbò ló ń bá wọn se oúnjẹ, tí yóò sì padà sílé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Físà oṣù mẹ́ta ni wọ́n rí gbà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Wilhelmsburg, ní Hamburg, ni wọ́n dé sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: bí oṣù mẹ́ta náà bá pé, ṣé Bàbá á padà lọ dá gbé nínú ilé yẹn ni, àbí a ó wá ọ̀nà tí wọn á fi dúró tì wá?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Rothenburgsort, níbi tó ti ń di fìríìjì àti táyà àlòkù sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Níbí, "ó" ni n ó lò, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Bàbá, àti nítorí pé inú ṣì ń bí mi sí i. Èmi ń gbé ní Berlin, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro Marzahn, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa dán ètò kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó tà á. Àṣìṣe ni mò ń wá jẹun. Bí mo bá rí i, mo ń sọ, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nílé wa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ṣì í sọ. Bí Bàbá bá ní òṣùpá ló ń ràn lọ́sàn-án gangan, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn láti Berlin. Èmi, Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré jọ lọ sí ìgboro. Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, Bàbá ń kí gbogbo ẹni tó bá jókòó kọjú sí wọn pé ẹ káàárọ̀, àwọn òyìnbó náà sì ń mi orí padà, torí kò sẹ́ni tó lè fojú di fìlà tí Bàbá dé. Bí a ṣe gorí afárá odò Elbe, wọ́n wo àwọn ẹ̀rọ gìrìwò tí ń gbé kọ̀ǹténà sókè sódò, wọ́n ní ṣé a mọ orúkọ tí ìlú yìí ń jẹ́ ní Látìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ibẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹyin wà nílẹ̀ ni, búrẹ́dì lásán la ò bá jẹ.

"Hammonia," ni Bàbá wí, ojú wọn ń dán.

Wọ́n wá tú u palẹ̀ fún wa. Odi kan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, láàárín omi àti àbàtà, Hammaburg ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ etí omi, níbi tí odò ti ṣẹ́rí, ni àwọn ará àtijọ́ ń pè ní ham, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Àwọn ará Róòmù ò kọ́ ìlú yìí, wọn ò sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó pẹ́ lẹ́yìn tí Róòmù ti wó kí àwọn akọ̀wé tí Látìn ń pa bí ọtí tó jókòó ṣe orúkọ náà fúnra wọn, kí ìlú wọn lè bá àwọn ìlú ńlá ṣẹgbẹ́. Àwọn kan lára wọn tilẹ̀ ní láti ọ̀dọ̀ Júpítà Hammon ni orúkọ ọ̀hún ti wá, òrìṣà oníwo àgbò tí ojúbọ rẹ̀ wà nínú aṣálẹ̀ lápá Íjíbítì. Nígbà tí Bàbá dé ibí yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní irọ́ ni o. Wọ́n ní òrìṣà wo ló máa fi iyanrìn Áfíríkà sílẹ̀, tí yóò wá sọ àbàtà òyìnbó lórúkọ? Wọ́n ní ṣùgbọ́n irọ́ náà mọ aṣọ wọ̀.

Níwájú Rathaus, ilé ńlá tí ìjọba ìlú wà, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fi àwòrán obìnrin kan hàn wá tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi tò. Wọ́n ní Hammonia nìyẹn, wọ́n sọ orúkọ di èèyàn. Ọ̀rọ̀ Látìn kan wà lókè ẹnu ọ̀nà. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n kà á sókè, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀, pé òmìnira tí àwọn baba ńlá bí, kí àwọn àrọ́mọdọ́mọ sapá láti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn òyìnbó àgbàlagbà méjì dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi na àyà bí ẹni pé òun ló kọ ọ́ síbẹ̀. Inú tèmi náà dùn, n ò ní parọ́.

Nígbà tí mo tún padà lọ kí wọn, Bàbá sọ ìtàn Hammonia nídìí ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, àbàtà ti kúrò nínú ìtàn, odi ti kúrò, ẹ̀rín náà ti kúrò. Òrìṣà oníwo àgbò ló sọ ìlú lórúkọ, ó parí. Mo rọra ń jẹun, mò ń dúró de ibi tí wọ́n á ti sọ pé irọ́ ni. Wọn ò sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà wí bẹ́ẹ̀ láti kíṣìnnì. Ìgbà tí mo tún lọ, àwọn ọmọ ogun ti ń fi ọkọ̀ gbé òrìṣà náà gba orí omi wá. Nígbà tó ṣe, Bàbá fúnra wọn ti wà lára àwọn tó lọ pàdé ọkọ̀ náà létí Elbe. Wọ́n sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ bí òtútù ṣe mú wọn. A ń bẹ́ẹ̀-ni-sà wọn lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sọ̀rọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀, a máa ń fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òun á fi Jámánì dáhùn. Ó gbójú sókè láti inú abọ́ rẹ̀, ó ní bàbá àgbà ò sọ ọ́ báyìí lánàá, pé lánàá wọn ò sí níbẹ̀. Bàbá ò gbọ́ Jámánì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Bàbá ọmọ gbọ́. Ó ní kó kúnlẹ̀, kó bẹ bàbá àgbà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe. Bàbá wá ń bi wá pé kí ló dé tí ọmọ náà ń sunkún, ta ló nà án. 

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n jáde lọ rìn díẹ̀ nínú àdúgbò, tí wọn ò sì padà dé. Obìnrin kan, ọmọ Nàìjíríà tó mọ ẹ̀gbọ́n mi, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ lẹ́bàá ibùdó S-Bahn, ló mú wọn wálé. Ó ní òun bá wọn lórí àga ìdúrókọ̀, wọ́n ń béèrè ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ilé Wilhelmsburg jọra jù, pé òun gan-an ti ṣèèṣì wọ ilé ẹlòmíràn rí. Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun mọ.

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sí bákónì. Mo ní ìrántí Bàbá ò dáa mọ́, pé ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ rí dókítà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé wọn ò lè dá gbé, a lè mú ìwé náà lọ sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, ká bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún ọjọ́ Bàbá. Kò dájú pé wọ́n á gbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà nìyẹn, kò sì sí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Abeg, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ Látìn níwájú Rathaus, òun lo ní ó ń gbàgbé?" Mo ní àwọn nǹkan àtijọ́ ló máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ó ní ta ló kọ́ mi níṣẹ́ dókítà. Níkẹyìn ó gbà pé kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, pé kí n má bá òun dá nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wá. Dókítà náà obìnrin ni, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kò sì kánjú. Lẹ́yìn tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tán, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó bá wa yẹ ìrántí wọn wò. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí tìbínútìbínú. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń rẹ Bàbá, òun á máa ṣe ògbufọ̀, ó sì fa àga rẹ̀ sí àárín Bàbá àti dókítà.

Dókítà béèrè pé ìlú wo la wà. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀. Bàbá gbé ara wọn ró lórí àga.

"Hammonia," ni wọ́n wí.

Dókítà gbé orí sókè kúrò nínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní tíṣà Látìn ni bàbá wa, orúkọ ìlú yìí ní Látìn nìyẹn. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ orúkọ yẹn, pé òun ò rí aláìsàn tó fi dá òun lóhùn rí. Ó béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, òrìṣà, ọkọ̀, etí omi, òtútù. Ẹ̀gbọ́n mi ń túmọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Bàbá ń sọ ló ń túmọ̀. Ìtàn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń sọ fún un, odi, àbàtà, àwọn akọ̀wé, irọ́ tó mọ aṣọ wọ̀. Ó ti há a sórí dáadáa.

Dókítà béèrè ìgbà wo nínú ọdún la wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìgbà tí ewé ń já bọ́ la wà yìí?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà sọ ohun mẹ́ta fún wọn pé kí wọ́n fi sọ́kàn: ápù, tábìlì, fìtílà. Nígbà tó béèrè wọn padà, Bàbá wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rín sọ fún dókítà pé lọ́dọ̀ tiwa a kì í fi ìbéèrè wádìí àgbà wò bí ọmọ ilé-ìwé, pé ó fẹ́ jọ àrífín. Dókítà ní kí wọ́n má bínú, òun ò mọ̀. Ó sì ṣí ìwé síwájú.

Mo gbọ́ Jámánì, mo gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ohun tó ń yí padà láàárín èdè méjèèjì, etí mi ló ń gbà kọjá, ẹnu mi ò sì là. Kí n sọ níwájú bàbá mi pé ọpọlọ wọn ti ń jò? Kí n sọ níwájú àlejò pé irọ́ ni àkọ́bí wọn ń pa? N ò mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. Mo ti ń wá gbólóhùn náà láti ọjọ́ yẹn, n ò tíì rí i. Dókítà kọ ọ́ pé fún ọjọ́ orí wọn, Bàbá ń ṣe dáadáa, pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan.

Níta, Bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó yíjú sí mi. Ó ní, "O rí i báyìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dáhùn."

"Ṣé o fẹ́ kí òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí bàbá wa ti dàrú? Kí ìwé yẹn máa tẹ̀ lé wọn kiri? Bàbá wa?"

 Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀, ó mú un, ó tún bọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó ti mọ̀ ṣáájú mi, ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi síbẹ̀síbẹ̀, torí ìbẹ̀rù rẹ̀ ló ti tilẹ̀kùn tí à bá gbà.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí Bàbá wá lo àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ mi. Ó gbà kíá. Ní Marzahn, Bàbá fẹ́ràn láti máa jókòó sí ojú fèrèsé, kí wọ́n máa wo tráàmù bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń jẹun dáadáa. Wọ́n ń gbàdúrà láàárọ̀, àdúrà wọn ò sì kù síbì kan. Nígbà mìíràn wọ́n á bi mí pé ìyá wa dà, n ó ní wọ́n lọ sọ́jà. N ò mọ ẹni tó kọ́ mi ní irọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èrò kan wá sọ́kàn mi. Lára àwọn ìbéèrè ẹyin díndín, Berlin wà níbẹ̀. Bàbá ló kọ́ wa pé Berolinum ni, pé Róòmù ò dé ibẹ̀ rí, pé àwọn Slav tó ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ nítorí ẹrẹ̀, kí àwọn akọ̀wé tó wá so ìrù Látìn mọ́ ọn. Ère obìnrin kan tó ń jẹ́ Berolina ti wà ní Alexanderplatz rí, ó ti pẹ́ tó ti kúrò níbẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá mú Bàbá dé ibẹ̀, orúkọ náà á jí nínú wọn, èmi náà á sì mọ ohun tó ṣẹ́kù. Iṣẹ́ mi náà ni, ká dán nǹkan wò. A wọ S-Bahn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ràn. Mo ra kọfí fún wọn, a wá àga jókòó sí.

Mo ní, "Bàbá, kí ni Látìn ìlú yìí?"

Wọ́n wo àwọn èrò tí ń kọjá. Wọ́n wo ilé gogoro tẹlifíṣọ̀n láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, wọ́n di fìlà mú kó má bàa já bọ́.

"Hammonia," ni wọ́n wí. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, òrìṣà oníwo àgbò, ọkọ̀, etí omi, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

N ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó lè jẹ́ dókítà yẹn tó fi bírò sílẹ̀ ni mo rántí. Mo ní, "Rárá, sà. Berlin la wà. Hamburg ló ń jẹ́ Hammonia."

 Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo sọ "rárá" fún bàbá mi. Wọ́n wò mí, ẹ̀rù sì wà lójú wọn. N ò rí ẹ̀rù lójú bàbá mi rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa. Wọ́n wo ilé, wọ́n wo ọ̀nà, bí ẹni tí ó jí sínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n sì gbé ohùn tíṣà wọ̀.

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ọ wò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ìtàn Hammonia mọ́. Wọn ò sọ ìtàn kankan. Bí mo bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn, wọ́n á ní kò sí wàhálà, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Tẹ́lẹ̀, mo ti gbà pé òtítọ́ tí a ò sọ ló ń ba nǹkan jẹ́ fún wa. Mo wá sọ òtítọ́, kò sì tún ohunkóhun ṣe. Ìtàn ọwọ́ wọn nìkan ló gbà.

Mo pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wo ìrántí ní Berlin. Termin, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti wá, wà lẹ́yìn ọjọ́ tí Bàbá máa fò, ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo lọ sí Ausländerbehörde. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà, ó fi ara balẹ̀ gbọ́ mi, ó béèrè ìwé dókítà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni ti Hamburg, tó ní Bàbá ń ṣe dáadáa. Ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní òun káàánú mi. Mo gbà pé ó káàánú mi lóòótọ́. Mo ronú àtibá Bàbá lọ sílé, ṣùgbọ́n àyè tí mo ní níbi iṣẹ́ ti tán, bí mo bá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìwé tí èmi fi ń gbé ní Jámánì á bá a lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní obìnrin tó ń se oúnjẹ á máa wá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó ní ọmọ àǹtí wa kan á pàdé wọn ní Èkó, á sì mú wọn dé Ìjẹ̀bú. Ó ní Bàbá fúnra wọn ló ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé. Lóòótọ́ ni, wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Wilhelmsburg, wọ́n ń sọ ọ́ ní Marzahn, nígbà mìíràn wọ́n á ti wọ bàtà tán kí n tó jí. Mo ní ta ló máa wà pẹ̀lú wọn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọlọ́run. N ò lè bá Ọlọ́run jà lórí fóònù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ wá láti Hamburg, a jọ mú Bàbá lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Tegel. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n de táì, wọ́n fá irùngbọ̀n. A ti bá wọn tọrọ kẹ̀kẹ́ arọ, ọkùnrin kan sì wà tí yóò tì wọ́n títí dé ẹnu bàálù. Bàbá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà bí ọba. Àwọn tó ń kọjá ń tẹrí ba fún wọn, wọ́n sì ń dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pápá náà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn, àdúrà tó pé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àmín, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa ni wọ́n fi pè é. Wọ́n ní kó má jẹ̀ẹ́ kí màmá máa dá ru igi lóko mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde, nígbà tó sì dìde, ògiri ló kọjú sí.

Bàbá wá yíjú sí mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ wọn méjèèjì. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọ̀ sọ́dọ̀ mi, mo fún àwọn lóúnjẹ, mo tẹ́ ibùsùn fún àwọn, n ò sì yájú sí àwọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ìwọ̀nba ni irú mi tó kù. Ojú wọn mọ́lẹ̀, inú wọn dùn, n ò rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Alexanderplatz.

"Bàbá rẹ tọ́ ọ dáadáa," ni wọ́n wí. "Bí o bá délé, bá mi kí wọn gidigidi."

Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ wo aago rẹ̀, ó sì rọra yí Bàbá sí ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò.  Mo kúnlẹ̀.

"Wọ́n á gbọ́, sà," ni mo wí.